Bí ọ̀kẹ́ ṣe di iye

Kí ọ̀kẹ́ tó di orúkọ iye, àpò ni. Àpò tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí ni, tí alágbàárù ń rù láti ọjà dé ọjà. 20,000 ẹyọ ló ń wọ inú ọ̀kan, nígbà tó sì yá, ẹni tó bá ti pe ọ̀kẹ́ kan, iye yẹn ló pè, ìbáà jẹ́ iṣu tàbí ènìyàn ló ń kà.

Ẹyọ náà kì í ṣe ti odò wa. Erékùṣù Maldives, lójú òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó o, ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ló ń gbé e dé etíkun wa. Wọ́n á dá ẹ̀yìn rẹ̀ lu, wọ́n á sín in sí okùn: 40 lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó gbé Ìjàyè, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka èyí tí wọn kò sín, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Wọ́n á da ọ̀kẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kà á á kúnlẹ̀ tì í, á máa fọwọ́ wọ́ márùn-ún, márùn-ún, láìsọ̀rọ̀, títí á fi pé ogún ìgbà: ọgọ́rùn-ún kan nìyẹn. Á ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, á gbá méjèèjì pọ̀, ó di igba. Ìgbà 4,000 lọwọ́ rẹ̀ á kan ilẹ̀ kí ọ̀kẹ́ kan tó tán.

Wọ́n máa ń sọ pé ogún ni ìpìlẹ̀ ìṣirò Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ká ní ogún nìkan la fi ń sọ ogún di púpọ̀ ni, 400 ni ì bá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 8,000, lẹ́yìn náà 160,000. Àwọn baba wa kò gba ọ̀nà yẹn. Ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: 20, 200, 2,000, 20,000. Ogún ni wọ́n fi tẹ ìpìlẹ̀, ẹ̀wá ni wọ́n fi kọ́lé lé e. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an.

Tí a bá tú 20,000 dé gbòǹgbò, 2 àti 5 nìkan la ó bá níbẹ̀: 2 lọ́nà márùn-ún, 5 lọ́nà mẹ́rin, tí a fi sọ ara wọn di púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ márùn-ún, okùn ogójì, igba àti ẹgbàá fi ń pín in láìṣẹ́kù. Ọgbọ̀n iye ló lè pín in bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni kò lè pín in dọ́gba: 6,666 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì á ṣẹ́kù sílẹ̀.

Láàárín 1840 sí 1850, àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyọ Zanzibar wọlé, èyí tó tóbi ju ti Maldives lọ. Owó pọ̀ nílùú, agbára rẹ̀ wálẹ̀, ẹrù alágbàárù sì wúwo sí i. Ọ̀kẹ́ kò kúrò ní 20,000. Ṣílè dé, ó lé ẹyọ kúrò lọ́jà. Náírà dé ní 1973. Síbẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ṣì ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Mílíọ̀nù kan tí a ń fi fóònù ránṣẹ́ lónìí, ká ní ẹyọ ni, àádọ́ta alágbàárù ni ì bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti rù ú.