Ilé bíríkì pupa ọgbà Kew: kí ni ká wò lára rẹ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n fi ilé pupa kan hàn mí nínú ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní Kew Palace ni. Ààfin kẹ̀? Kò ju ilé olówó kan lọ!

Ìdáhùn: Ilé olówó náà ni. Samuel Fortrey, oníṣòwò tí ìdílé rẹ̀ ti Flanders, agbègbè kan ní Yúróòpù, wá, ló kọ́ ọ lọ́dún 1631. Ọdún náà ṣì wà lókè ilẹ̀kùn, pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ òun àti ìyàwó rẹ̀. Ìdílé ọba ló wá háyà rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọba George III sì rà á ní 1781. Ibẹ̀ ni Olorì Charlotte, ìyàwó rẹ̀, kú sí ní 1818.

Ìbéèrè: Kí ló wá ṣe pàtàkì lára ògiri rẹ̀?

Ìdáhùn: Bí wọ́n ṣe to bíríkì ni. Jọ̀wọ́, sún mọ́ ọn dáadáa. Lórí ìlà kan ṣoṣo, bíríkìlà tẹ́ ọ̀kan gbọọrọ, ó fi orí ìkejì síta, ó tún tẹ́ ọ̀kan gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ títí dé igun ilé. Nígbà tó kan ìlà tó tẹ̀ lé e, ó rí i pé orí bọ́ sí àárín gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀. Èyí tó fi orí síta yẹn kò kúrú o. Inú ògiri ló gùn wọ̀, òun ló so ojú ìta mọ́ ojú inú. Ohun tó wọ́pọ̀ ní England tẹ́lẹ̀ ni kí ìlà kan jẹ́ gbọọrọ nìkan, kí ìlà kejì jẹ́ orí nìkan. Ilé Kew wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo ọ̀nà tuntun yìí níbẹ̀, ẹwà rẹ̀ kò sì tíì ṣá lójú mi.

Ìbéèrè: Ṣé bíríkì ló pupa tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, wọ́n kùn ún ni. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe, wọ́n rí àmì ọ̀dà pupa àtijọ́ lára rẹ̀, wọ́n sì fi ẹfun olómi (limewash) tí wọ́n po mọ́ àwọ̀ pupa kùn ún padà. Ẹfun máa ń jẹ́ kí omi inú ògiri jáde.

Ìbéèrè: Apá òkè ògiri tó yí kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Mẹ́ta ni wọ́n, níwájú òrùlé. Nítorí wọn ni àwọn èèyàn fi ń pè é ní ilé àwọn ará Nẹ́dálándì. Bíríkì ni wọ́n fi ṣe é: wọ́n gé e, wọ́n sì ha á títí ó fi gba ìrísí tí wọ́n fẹ́.