Sìmẹ́ǹtì Kọ́ Ni Oògùn Ògiri Amọ̀

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún ilé àgbẹ̀ ṣe ní abúlé orí òkè, ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni sìmẹ́ǹtì: kí wọ́n fi rẹ́ ògiri amọ̀ tinú tòde, kí wọ́n kùn ún lọ́dà, ilé ti di tuntun nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ògiri amọ̀ kì í gbẹ táútáú. Ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, òjò ń ta sí i, èémí àwọn tó ń sùn nínú ilé àti ooru ìkòkò orí iná náà ń wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó ń kó o yọ ni pé omi tó wọlé ń rí ọ̀nà jáde: bí oòrùn bá yọ, tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́, ọ̀rinrin náà á gba ojú ògiri lọ. Fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, o ti wọ aṣọ òjò onírọ́bà fún ẹni tó ń làágùn. Òjò lè má pa á, àmọ́ òógùn ara rẹ̀ ló máa mú un rin gbindingbindin. Aṣọ òjò ọ̀hún kì í sì í pẹ́ ya. Amọ̀ ń wú bó bá mumi, ó ń súnkì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì tó le ò lè bá a ṣe é, ó máa sán. Ibi tó bá ti lanu lomi ń gbà wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Lórí òkè tí omi ti ń dì lóru, ó tún burú sí i. Omi tó di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, yóò sì máa ti sìmẹ́ǹtì kúrò lára ògiri. Ẹ fi ìka lu ìsàlẹ̀ irú ògiri bẹ́ẹ̀, ẹ máa gbọ́ pé inú rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ ṣí i, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ọ̀bẹ á wọ̀ ọ́ láìfipá tì í. Lójú ẹni tó dúró lóde, ilé náà ṣì ń dán.

Ọ̀nà omi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bójú tó. Ilé tí wọ́n gbẹ́ ara òkè kọ́ nílò kòtò lẹ́yìn, tí yóò darí àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Ìpìlẹ̀ òkúta gbọ́dọ̀ yọ sókè, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30, kí òjò tó ń ta padà láti ilẹ̀ má bàa kan amọ̀. Etí òrùlé náà gbọ́dọ̀ yọ síta dáadáa. Lẹ́yìn èyí ló tó kan rírẹ́: amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ, tàbí òkúta ẹfun tí wọ́n sun, tí wọ́n sì fi omi pa. Méjèèjì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Amọ̀ ń fẹ́ àtúnrẹ́ lóòrèkóòrè, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń wà á. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó kílò 50, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ bá sì parí sí, ẹ̀yìn èèyàn tàbí ti ẹranko ló máa gbé e gun òkè. Bí wọ́n bá ṣe wàhálà gbé e débẹ̀, inú ìpìlẹ̀ àti kòtò ni kí wọ́n lò ó.

Ilé tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ṣì ṣeé tún ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n ṣí i, láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nítorí ògiri tó ti rin lè wó bí wọ́n bá bó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n fi igi ti ibi tó bá ti wú, kó sì gbẹ dénú kí wọ́n tó fi amọ̀ dí i.