Kí ló dé tí wọ́n fi ń ní kí aláìsàn ọkàn rún asipírìn lẹ́nu?

Bí wọ́n bá gbé bàbá kan tí àyà ń fún pinpin, tí òógùn bò, dé yàrá pàjáwìrì OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní Iléṣà, ẹ̀rọ ECG, tó ń fi bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ so mọ́ ọn láyà, láàárín ìṣẹ́jú 10 tó dé. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìkọlù ọkàn ni, asipírìn ló máa ń ṣíwájú nínú oògùn tí wọ́n ń fún un. "Bàbá, ẹ rún un, ẹ má tíì gbé e mì." Ó máa ń ya àwọn ẹbí lẹ́nu. Ṣé oògùn orí fífọ́ náà kọ́ nìyí?

Òun náà ni. Ọkàn ní òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ inú òpó yìí díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tó ń mu sìgá. Lọ́jọ́ kan, èèpo tó bo ọ̀rá náà á ya, ara á sì kà á sí ọgbẹ́. Pilátíléètì ni orúkọ àwọn wóró kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń sáré dí ojú ibi tí ọ̀bẹ bá gé lọ́wọ́ wa. Àwọn náà ló máa rọ́ lọ síbi tó ya yìí. Èyí tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á tú èròjà kan tó ń jẹ́ thromboxane jáde, èròjà yìí á máa pe àwọn yòókù, wọn á sì máa lẹ̀ mọ́ra títí òpó á fi dí. Apá ọkàn tí òpó yẹn ń bọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí kú, ìṣẹ́jú lórí ìṣẹ́jú.

Ìpè yẹn ni asipírìn ń pa lẹ́nu mọ́. Kì í jẹ́ kí pilátíléètì lè pèsè thromboxane mọ́, èyí tó bá sì ti bá kò lè tún ara rẹ̀ ṣe títí yóò fi kú, ìyẹn bí ọjọ́ 7 sí 10. Ìdí nìyẹn tí miligíráàmù 150 sí 300 fi tó lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá rún un, ó ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n fi nǹkan bò kó má baà ha inú máa ń pẹ́ kó tó yọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, kí aláìsàn rún òun náà.

Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 1988, ISIS-2, ló fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Aláìsàn 17,187 ló wà nínú rẹ̀, ní ilé ìwòsàn 417. Nínú gbogbo 1,000 tí wọn kò fún ní asipírìn, bí 118 ni àìsàn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ pa láàárín ọ̀sẹ̀ 5. Nínú 1,000 tó lò ó, bí 94 ni. Ẹ̀mí èèyàn 24 kì í ṣe nǹkan kékeré fún oògùn tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Wọ́n tún máa ń fi oògùn mìíràn tó ń jẹ́ clopidogrel kún un, torí pé ọ̀nà mìíràn wà tí pilátíléètì ń gbà pe ara wọn, òun ló sì ń dí ìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi miligíráàmù 300, hóró mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó já a sí hóró kan lójúmọ́. Arúgbó tó ti lé ní ọdún 75, tí wọ́n fẹ́ fún ní abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, hóró kan péré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ o: asipírìn kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, kò kàn ní jẹ́ kó pọ̀ sí i ni.

Ṣáájú gbogbo èyí ni nọ́ọ̀sì á ti béèrè: ṣé ẹ ní ọgbẹ́ inú? Ṣé ìgbẹ́ yín ń dúdú bí ọ̀dà? Ṣé asipírìn máa ń bínú sí yín? Kí aláìsàn àti ẹbí má bínú sí ìbéèrè náà, torí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdúró. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu ló wọ́, tí apá kan ara kò gbé mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún onítọ̀hún ní asipírìn nílé. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ kí wọ́n tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ Alábùkún náà wà ńlẹ̀. Asipírìn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú kaféènì, irú èyí tó wà nínú obì, ṣùgbọ́n asipírìn inú ìdì kan ju ìwọ̀n tí wọ́n ń fún aláìsàn ọkàn lọ. Panadol kò lè rọ́pò asipírìn níbí. Ibuprofen, oògùn ìrora mìíràn, tiẹ̀ lè gba ibi tí asipírìn yẹ kó jókòó sí lára pilátíléètì. Nítorí náà, ẹbí tó ń gbé aláìsàn bọ̀ láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ifẹ́tẹ̀dó, kí wọ́n mú páálí ohunkóhun tó ti lò láti àárọ̀ dání, kí wọ́n sì sọ aago tó lò ó fún nọ́ọ̀sì.