Inú yàrá ẹ̀rọ ni fíláṣì ti ṣẹ̀ wá

Kò sí òde alẹ́ n'Ìbàdàn tí onífọ́tò kì í gbé fíláṣì dání lọ. Yálà Mọ́kọ́lá ni o, yálà Òkè-Àdó, bí akọrin bá ti ń ki olówó báyìí, fíláṣì á ti máa kọ yẹ̀rì. Àmọ́ ẹni tó ṣe é kò ro ti ayẹyẹ rárá. Ẹ̀rọ ló ń wò.

Kí ó tó dé, ìyà ni fọ́tò inú òkùnkùn. Ní 1864, wọ́n ti ń sun wáyà magnesium, irin kan tó máa ń jó yòò, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ìmọ́lẹ̀ lè tó. Ní 1887, àwọn ará Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, po lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mọ́ èròjà tó ń mú un gbiná wàrà. Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń bú gbàmù, èéfín á bo yàrá, ó sì ṣe àwọn onífọ́tò léṣe. Nígbà tó di nǹkan bí 1930, gílóòbù fíláṣì rọ́pò rẹ̀. Èéfín tán, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni gílóòbù kọ̀ọ̀kan ń tàn. Ẹ wo iye tó máa ná onífọ́tò níbi òkú àgbà, níbi tí tẹbí-tará ti fẹ́ kó ya àwọn!

Harold Edgerton, ọmọ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ilé ẹ̀kọ́ MIT ló wà, ó ń ṣèwádìí lórí mọ́tò oníná tó ń sáré yí débi pé ojú kò lè mú un. Ó wá ṣe iná tó ń ṣẹ́jú léraléra. Bí ìṣẹ́jú iná bá ti bá yíyí mọ́tò mu, mọ́tò á dà bí èyí tó dúró gbagidi. Ọdún 1931 ló fi iṣẹ́ náà gboyè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí kámẹ́rà: ẹ̀kán mílíìkì tó ń ta sókè, ọta ìbọn tó ń la nǹkan kọjá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé ńlá rẹ̀ sínú ọkọ̀ òfuurufú láti ya ilẹ̀ Normandy ní Faransé lóru ní 1944.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ ló wù mí jù. Bátìrì kékeré kò lè tan irú iná bẹ́ẹ̀, nítorí náà, fíláṣì á sọ agbára rẹ̀ di nǹkan bí 300 volt, á sì máa kó o jọ sínú capacitor, ohun tó ń kó iná pamọ́, bí ẹni gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó. Ariwo wíìì tín-ín-rín tẹ́ ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá wá tẹ kámẹ́rà, iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt á ta gáàsì xenon inú túùbù jí, gbogbo agbára náà á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ní nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹsẹ̀ oníjó kò ráyè balẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ wá kéré tó ohun tí a lè gbé lọ́wọ́, ó di ti gbogbo onífọ́tò. Ṣùgbọ́n kò tó kéèyàn kàn ní in. Bí a bá na fíláṣì sí ojú tó ti làágùn, iwájú orí nìkan ló máa dán nínú fọ́tò. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ á gbé orí fíláṣì sókè sí àjà funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀ padà wálẹ̀. Lábẹ́ tapólì aláwọ̀ búlúù, kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí gbogbo gèlè á di búlúù. Ìwé funfun ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Iná ẹ̀yìn fóònù kì í ṣe irú rẹ̀. Kò lágbára tó o, kì í sì í yára kú bíi tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ẹni tó ń náwó fi máa ń ṣe bàìbàì nínú fọ́tò fóònù.