Sátẹ́láìtì Kò Rí Ìsàlẹ̀ Òkun

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, ẹ̀gbọ́n kan sọ pé ọkọ̀ abẹ́ omi kò lè sọnù mọ́ láyé yìí, pé sátẹ́láìtì ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń ṣọ́ fóònù ọwọ́ wa. Gbogbo ilé gbà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀."

Ìgbì rédíò tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà kì í pẹ́ kú nínú omi òkun. Ìró ló lè rìn jìnnà níbẹ̀, nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọkọ̀ abẹ́ omi dà bí ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ nínú ilé lóru. Ó mọ ibi tó dúró sí kí iná tó lọ, ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń rántí ibi tó yà sí. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ń wọn eré àti yíyà rẹ̀, òmíràn ń wọn bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kó lè mọ bó ṣe jìn tó. Àmọ́ àṣìṣe kéékèèké ń gorí ara wọn. Bó bá pẹ́, kò lè sọ pé "ibí gan-an ni mo wà" mọ́, àfi "ó ṣeé ṣe kí n wà láàárín ibí sí ọ̀hún". Ìgbà tó bá rán ìró lọ sísàlẹ̀ òkun tí ìró náà ta padà, bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan ògiri ni: àyè tó ń fura sí á sún kì.

Wíwá ohun tó ti rì náà nìyẹn. Lóṣù karùn-ún 1968, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà kan, Scorpion, rì pẹ̀lú èèyàn 99. John Craven, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, pín àwòrán òkun sí ojú-ojú, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìṣeéṣe tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ibẹ̀ lọkọ̀ náà wà. Ojú tí wọ́n bá wá tí wọn ò rí nǹkan, ìwọ̀n rẹ̀ á wálẹ̀, tàwọn yòókù á gòkè. Lóṣù kẹwàá ni wọ́n rí i, níbi tó jìn tó nǹkan bíi mítà 3,000.

Ṣé òfo wá ni ibi tí a wá tí a ò rí? Rárá. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe wá a? Nígbà tí bàálù Air France já sínú òkun Àtìláńtíìkì ní 2009 pẹ̀lú èèyàn 228, wọ́n tẹ́tí sí àyíká ibi tó ti dágbére, wọn ò gbọ́ ẹ̀rọ tó yẹ kó máa dún, ni wọ́n bá kọjá síbòmíràn. Nǹkan bí ọdún méjì làwọn ẹbí fi dúró. Ní 2011, àwọn tó ń ṣírò ìṣeéṣe ní: bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ti kú ńkọ́? Ìwọ̀n ibi àkọ́kọ́ bá tún gòkè. Wọ́n padà síbẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí i.