Ọmọ tó ń gbá orí mọ́ ògiri, kí ló ń bèèrè?

Ẹni tó bá ti rí i rí mọ̀ pé kò ṣeé wò. Ọmọ á máa gbá orí mọ́ ògiri, òmíràn á gé ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ títí á fi bẹ́jẹ̀, òmíràn á máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu etí ara ẹ̀. Self-injurious behaviour ni àwọn dókítà ń pè é, ìyẹn ni kéèyàn máa ṣe ara ẹ̀ léṣe, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn ọmọ tó ní ọ́tíìsìm, ìyẹn àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe máa ń ṣòro fún.

Ní Òṣogbo níbí, wọ́n á ní ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí ààfáà, tàbí kí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kẹ́ ẹ bàjẹ́, ẹ fún un lẹ́gba. Ẹ gbàdúrà o, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lu ara ẹ̀ lẹ tún fẹ́ nà, kí lẹ fẹ́ kó kọ́ níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ò lè fẹnu sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ní 1982, ọ̀gbẹ́ni Brian Iwata, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, ìgbà kan wọ́n á fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lóun nìkan, ìgbà míì wọ́n á fún un níṣẹ́ ṣe, wọ́n á sì gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá ti lu ara ẹ̀, ìgbà míì wọ́n á rẹ̀ ẹ́ tó bá ti ṣe é, wọ́n wá rí i pé ohun tó ń fà á fún ọmọ kan kọ́ ló ń fà á fún èkejì.

Torí náà ẹ máa wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tọ́mọ rí gbà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ mú un lọ Ọjà-Ọba, àwọn tó ń ta àgbo ti tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ọ̀kadà ń fọn fèrè, ariwo pọ̀ jù fún un ló bá ń gbá orí, ẹ gbé e ẹ sá lọ sílé, ariwo tán. Ọmọ ti mọ̀nà nìyẹn o. Kì í ṣe oríkunkun, ohun tó ṣiṣẹ́ fún un náà ló máa tún ṣe.

Àmọ́ tí kì í bá ṣe é tẹ́lẹ̀ tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ rí dókítà ọmọdé ná, ó lè jẹ́ etí ló ń dùn ún, tàbí eyín, tàbí kò tíì yàgbẹ́ látọjọ́ mélòó kan.

Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ ní ọ̀nà míì tó máa fi sọ ọ́, bíi kó na fọ́tò ohun tó fẹ́ sí yín tàbí kó fọwọ́ ṣàpèjúwe pé "ó tó", kẹ́ ẹ sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ o, tó bá sọ ọ́ tẹ́ ò dáhùn, ògiri ló máa padà sí. Tó bá ń gbá orí lọ́wọ́, ẹ ti tìmùtìmù sáàárín, ẹ má pariwo, ẹ má dè é lọ́wọ́.

Oògùn wà, risperidone ti gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 2006 fún irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú wọn sanra, ó sì máa ń kùn wọ́n lóorun, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ẹ má lọ rà á ní kẹ́míìsì fúnra yín.