Ọ̀já-etí ni, kì í ṣe ìṣẹ́tí

Ẹni tó bá ń rán kúlìtì, aṣọ ìbora onípele mẹ́ta, mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí aṣọ iwájú, òwú àárín àti aṣọ ẹ̀yìn bá di ọ̀kan. Etí ṣì wà níta, òwú ń yọ, aṣọ ń tú. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan la fi ń bò ó yípo. Orúkọ tí a ó máa pe aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Àwọn kan ní ìṣẹ́tí ni. Rárá o. Ìṣẹ́tí ni pé kí a ṣẹ́ etí aṣọ fúnra rẹ̀, bí a ti ń ṣe ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Aṣọ kan náà ló ká lé ara rẹ̀, kò sí àlejò níbẹ̀. Ti kúlìtì yàtọ̀: aṣọ mìíràn la gé, tó ní gígùn tirẹ̀ àti fífẹ̀ tirẹ̀. (Àwọn tó bá fi aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀ kó tóbi, tí wọ́n wá ká a wá sí iwájú, kí wọ́n pe ìyẹn ní ìṣẹ́tí. N ò bá wọn jà.) Àwọn télọ̀ ní páípìn ni. Páípìn ní okùn nínú, ó sì máa ń yọ jáde láàárín aṣọ méjì. Èyí kò ní okùn kankan. Àwọn kan tún gbé “ìdè-etí” wá, torí wọ́n gbọ́ pé Òyìnbó ń “dè” é. Ẹlẹ́wọ̀n là ń dè, ewúrẹ́ là ń dè. Báìndìn tí Òyìnbó fúnra rẹ̀ ń pè é ńkọ́? Kò sọ ohunkóhun fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ọ̀já-etí ni mo fara mọ́. Wọ́n ní ọ̀já, ti ọmọ ni. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn. Ẹ wo ìyá tó pọnmọ: ọ̀já ló yí gbogbo rẹ̀ ká, tó mú un dúró. Bó bá fà á le jù, ọmọ á ké. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, ọmọ á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń fa ọ̀já-etí bí ẹ ti ń rán an, etí kúlìtì á sún jọ, igun á sì ká sókè. Bí ẹ bá sì ń tì í wọlé, òun fúnra rẹ̀ á máa rú. Ẹ kàn tẹ́ ẹ lélẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ maṣíìnì tó ń fa aṣọ òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ pọ̀ rán an.

Nítorí pé aṣọ ọ̀tọ̀ ni, a gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀. Kúlìtì tó jẹ́ íǹṣì 60 ní fífẹ̀ àti 80 ní gígùn, yíyípo rẹ̀ jẹ́ 280. Ẹ fi 12 kún un fún igun àti ìsopọ̀, ó di 292. Bí aṣọ bá fẹ̀ ní íǹṣì 42, ọ̀já 7 á fún yín ní 294, ẹ ó sì rò pé ó tó. Kò tó. A kì í rán ìsopọ̀ ọ̀já ní gbọọrọ, ní dídàgẹ̀rẹ̀ ni, láti igun kan orí ọ̀já dé igun kejì, kí ìsopọ̀ má baà ki sójú kan. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ íǹṣì 2½. Ìsopọ̀ 6 ti jẹ 15. Ọ̀já 8 tó fẹ̀ ní íǹṣì 2½ ni kí ẹ gé, ìyẹn íǹṣì 20 aṣọ. Ẹ ká a sí méjì ní gígùn, kí ẹ lọ̀ ọ́. Kí ẹ tó rán an, ẹ tẹ́ ẹ yí kúlìtì ká wò: bí ìsopọ̀ bá bọ́ sí igun, ẹ sún un kúrò, torí igun náà kò ní ká dáadáa.

Ẹ gé ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó dọ́gba, kí òwú àárín dé etí gan-an. Àwọn adájọ́ ìfihàn kúlìtì ní Amẹ́ríkà máa ń fọwọ́ tẹ etí wò bóyá inú rẹ̀ kún. Ọ̀já tó ṣófo ló máa ń kọ́kọ́ gbó.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tàbí maṣíìnì wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́rẹ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú tí ẹ kọ́kọ́ rán ọ̀já mọ́ ni.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fẹ́ fi parí rẹ̀, iwájú lẹ ó ti kọ́kọ́ fi maṣíìnì rán an, ní íǹṣì ¼ sí etí. Bó bá ku íǹṣì ¼ kẹ́ ẹ dé igun, ẹ dúró, ẹ ká ọ̀já sókè kó dúró ṣánṣán, ẹ ká a wálẹ̀ padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí. Lẹ́yìn náà ẹ yí i sí ẹ̀yìn kó bo ojú ìrán mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ á gbé díẹ̀ nínú aṣọ ẹ̀yìn àti òwú àárín, kò ní yọ sí iwájú, á wá wọ inú ojú ìká ọ̀já. Kí ojú abẹ́rẹ́ má jìnnà síra ju íǹṣì ¼ lọ, kí òwú ìrán sì bá àwọ̀ ọ̀já mu, kì í ṣe àwọ̀ aṣọ ẹ̀yìn. Ọ̀já íǹṣì 2¼ tó fún èyí.

Bó bá jẹ́ maṣíìnì, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yí i wá sí iwájú, torí ojú tí ẹ rí nìkan lẹ lè rán gún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú tó tún fẹ́ fi maṣíìnì parí rẹ̀, afọ́jú ló ń rìn: maṣíìnì á mú ọ̀já níbì kan, á sì fo ibòmíràn. Ẹ gé ti maṣíìnì ní 2½, kó lè bo ojú ìrán àkọ́kọ́ dáadáa, kí ẹ sì gba etí ìká rẹ̀ tímọ́tímọ́. Kúlìtì ọmọ tí a ń fọ̀ ní gbogbo ìgbà, maṣíìnì ni mo fọwọ́ sí. Èyí tí a ó gbé kọ́ ògiri, ọwọ́ ni, torí ìlà òwú maṣíìnì máa ń hàn. Èyí ó wù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dí ẹnu ìká igun, níwájú àti lẹ́yìn.